Adìyẹ Ìyá Oníyán àti Ọmọ Ìnṣọ́ránsì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ ti rí adìyẹ tó jókòó síbi tí wọ́n ti ń ná owó ìnṣọ́ránsì rí? Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o.

Ẹ ṣáà mọ Ìyá Oníyán. Ẹni tó ń ti Adó lọ sí Iléṣà tí kò yà jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Arámọkọ, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe ara rẹ̀ títí dé Ẹ̀fọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ẹ kò tíì rí i kó máa nájà! Oníṣu kan wà tó bá ná títí, ni ọkùnrin náà bá fi odidi iṣu kan ta á lọ́rẹ kó ṣáà lè jẹ́ kó máa bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ tí mọ́tò kọ lù ú, awakọ̀ yẹn kò sáré rárá. Tíṣà ni, èèyàn jẹ́jẹ́. Ewúrẹ́ ló yà fún. (Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn ọjọ́ mìíràn ni. A mọ olówó rẹ̀, ó kàn ń sẹ́ ni.) Ewúrẹ́ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, eegun ojúgun Ìyá kán. Tíṣà wá bú sẹ́kún ju ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán lọ. Ìyá ló tún ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún nílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó wà.

Ọpẹ́lọpẹ́ pé tíṣà ní ìwé third party, ìnṣọ́ránsì tó ń san fún ẹni tí mọ́tò bá ṣe léṣe. Ẹ má rò pé ìfẹ́ òfin ni o, ẹ̀rù ọlọ́pàá ni! Òfin náà ti wà láti ọdún 1945, láyé òyìnbó, ta ló kà á sí? Àfìgbà tí àwọn ọlọ́pàá kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2025, àwọn yóò máa yẹ ìwé náà wò lójú títì. Ni tíṣà bá sáré lọ san ₦15,000, ó ń kùn, torí ₦5,000 ni kí NAICOM, àjọ tó ń ṣàkóso ìnṣọ́ránsì, tó fowó lé e ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023.

Wọ́n gbé Ìyá lọ sọ́sibítù, wọ́n ya fọ́tò eegun, wọ́n dì í. Ó dé ilé tán, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òun kò gbà, àfi kí wọ́n tún lọ pe bàbá tó ń to eegun. Ẹ mọ bí tiwọn ṣe rí: bàbá ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìyẹ kan, ó fi igi àti òwú dì í, ó ní ọjọ́ tí adìyẹ bá rìn ni Ìyá yóò rìn. Ẹ gbọ́ wàhálà! Kò pẹ́ rárá, adìyẹ ti ń tanlẹ̀ kiri, Ìyá ṣì wà lórí ẹní. Láràárọ̀ ló ń ṣépè fún un: “Ọ̀dàlẹ̀! Ìwọ nìkan ti lọ, o fi mí sílẹ̀!”

Bó ṣe rí nìyí tí ọmọ ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tíṣà fi dé láti Adó, bàtà dídán, fáìlì lábẹ́ apá. Ọmọlúàbí ni, ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa. Ó gba rìsíìtì ọsibítù, ó kọ wọ́n sílẹ̀. Ó wá béèrè, “Màmá, rìsíìtì ti bàbá tó ń to eegun ńkọ́?”

Ìyá nawọ́ sí ẹ̀yìn ààrò. “Òun ló ń jẹ̀ yẹn.”

Ọmọkùnrin wo adìyẹ, adìyẹ wò ó.

Ó ní ilé-iṣẹ́ lè fún Màmá ní ₦150,000. Ìyá kò fèsì. Ẹ̀gúsí ló ń ṣà. Ó ṣà á, ó fẹ́ ẹ, ó tún ń ṣà á. Òógùn bo ọmọkùnrin náà. Ó ní, “Ó dáa, ₦180,000.” Ẹ gbà mí o, ẹni kan kò tíì lanu!

Ó fa ìwé yọ pé kí Ìyá tẹ̀ka sí i. Bàbá onílé tí Ìyá ń gbé nílé rẹ̀ bá dìde. Akọ̀wé kóòtù ni kó tó fẹ̀yìn tì, kò sí ìwé tó kọjá lójú rẹ̀ tí kò ní kà, títí kan ìwé tí wọ́n fi ń pọ́n àkàrà. Apá kan jígí rẹ̀ ti ṣẹ́, òwú ló fi so ó mọ́ etí. Ọmọ rẹ̀ ti ra tuntun ránṣẹ́ láti Èkó, ó ní ti Kérésì nìyẹn. Kérésì mélòó ló ti kọjá! Ó ka ìwé náà, ó tún un kà.

“Discharge voucher nìyí. Má tẹ̀ ẹ́ o. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Bí ẹsẹ̀ yìí bá tún dà ọ́ láàmú lọ́dún tó ń bọ̀, ìwọ lo máa gbé e.”

Ìyá ẹlẹ́pà, tí ọ̀rọ̀ kò kàn, ní òun gbọ́ pé ₦3,000,000 ni òpin owó third party. Bàbá onílé ní ti mọ́tò àti dúkìá nìyẹn. Ti ara èèyàn kò ní òpin. Ọmọkùnrin náà kò já a ní koro, ó kàn béèrè bóyá àkọsílẹ̀ wà fún ohun tí Màmá ń pa lóòjọ́.

“Uyán tí mo ń gún? Ó wà lára ògiri!”

Ògiri ilé ìdáná ni. Iṣu kan, ìlà èédú kan. Ojoojúmọ́ ló ń fà á, títí di àárọ̀ ọjọ́ tí mọ́tò gbá a. Ọmọkùnrin gbé fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò. Kí ẹ wá wo bí àwọn kan tí mi ò ní dárúkọ ṣe ń yọ́ kúrò níbẹ̀, torí gbèsè wọn wà lápá òsì ògiri kan náà!

Ó lọ, ó bọ̀, ó tún lọ. Iye tí wọ́n fẹnu kò sí níkẹyìn, mo búra fún Ìyá pé mi ò ní sọ. Ṣùgbọ́n ó ju ìlọ́po mẹ́ta ti àkọ́kọ́ lọ, èyí kì í ṣe sísọ. Bàbá onílé ka ìwé tán pátápátá kí Ìyá tó tẹ̀ka. Ilé-iṣẹ́ kò san kọ́bọ̀ lórí adìyẹ o. Ọmọkùnrin náà ló jẹ iyán àwo méjì, ó san ti mẹ́ta, ó ní ìyókù ti adìyẹ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, bí mọ́tò bá kọ lu èèyàn yín, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó figbe ta. Ẹ tẹ *565*11# lórí fóònù, yóò sọ fún yín bóyá ojúlówó ni ìnṣọ́ránsì rẹ̀. Rìsíìtì gbogbo, ẹ tọ́jú ẹ̀. Bí ẹ kò bá sì rí ìwé tí wọ́n gbé wá kà, ẹ pe Bàbá onílé, ó wà nílé.