Bí A Ṣe Ń Mú Olè Tí Kò Jalè

Abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ìwọ tí mo ń kọ ìwé yìí fún, má bèèrè. Bí kọ̀ǹpútà rẹ bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́jọ́ Ajé, tó fi máa di Ọjọ́bọ̀ ó ti ń rìn bí ìgbín, tí o tẹ lẹ́tà kan tí o sì gbé òkèlè iyán méjì mì kí lẹ́tà náà tó yọjú, mọ̀ pé mẹ́mọ́rì ló ń jò. Ẹnì kan ń kó o jẹ díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ tìrẹ ni láti mú ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Kọ́kọ́ pa ẹ̀rọ náà, kí o tún un tàn. Ara rẹ̀ á yá kíá, inú rẹ á sì dùn. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, tún ṣe bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́fà gbáko ni mo fi ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìdó-Èkìtì, níbi tí a ti ń tẹ̀wé, tí a ń ya fọ́tò pélébé, tí a sì ń ṣe fọ́ọ̀mù fún àwọn ọmọ tó ń ti Ùsì àti Ìfàkì wá. "Àtúnṣe" ni mo ń pè é. Gbogbo ẹ̀rí ló ń bá iná lọ ní gbogbo ìgbà tí mo bá pa á, bí ọlọ́pàá tó ń nu ẹ̀jẹ̀ kúrò nílẹ̀ kí ó tó bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ Linux ló wà nínú ẹ̀rọ rẹ (òun ni wọ́n fi sínú tèmi, torí ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ni, mẹ́mọ́rì rẹ̀ kò ju 4GB lọ), ṣí terminal, kọ top, kí o tẹ M ńlá. Ẹni tó ń jẹ mẹ́mọ́rì jù á bọ́ sókè. Bí o bá ti rí Xorg níbẹ̀, má wo ibòmíràn mọ́. Wàá rí nọ́ńbà kan lábẹ́ VIRT, òmíràn lábẹ́ RES. VIRT ló máa ń tóbi jù, òun ni kí o gbà gbọ́. Ilẹ̀ tí àgbẹ̀ fi igi sàmì sí ni VIRT; ebè tó ti kọ ní tòótọ́ ni RES. Wọ́n tilẹ̀ lè ka mẹ́mọ́rì káàdì àwòrán mọ́ VIRT Xorg. Ṣùgbọ́n ilé ni òmùgọ̀ ti ń ka ebè.

Kọ free -m pẹ̀lú. Abẹ́ "free" ni kí o wò, kí o sì lọgun pé mẹ́mọ́rì ti tán. Má ṣèèṣì wo "available" o, kí o má baà mọ̀ pé fáìlì tí Linux ti kà tẹ́lẹ̀ ló kó sí àyè tó ṣófo, àti pé yóò kó wọn kúrò bí ẹlòmíràn bá fẹ́ ibẹ̀ lò.

Ó wá kan ẹ̀sùn. Xorg ló ń gbé gbogbo fèrèsé tí o ń rí jáde sójú kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ lórí X bẹ̀rẹ̀ ní MIT, ní Amẹ́ríkà, ní 1984. X11 tí a ṣì ń lò jáde ní 1987. Ó ti dàgbà, àgbà sì máa ń gbàgbé. Ẹjọ́ ti parí. Fi kill -9 pa á.

Ohun tí n kò mọ̀ lọ́jọ́ tí mo pa tèmi ni pé gbogbo fèrèsé tó ṣí ló ń bá a kú. Ọmọbìnrin kan ń tẹ prójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ́wọ́ lórí ẹ̀rọ yẹn, ojú ewé mẹ́tàdínláàádọ́ta, kò sì tíì tọ́jú rẹ̀. Ohun tó sọ fún mi, n kò ní kọ ọ́ síbí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kàwé ní FUOYE ló dé lópin ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó ní, "Bọ̀dá, ṣé ẹ ti bi Xorg pé ẹrù ta ló gbé?"

Ó ní kí n rántí ìyá oníyán oríta. Alájàpá á gbé agbọ̀n wá: "Ìyá, ẹ bá mi wo èyí, mo ń bọ̀." Bí alájàpá kan ṣoṣo bá ń gbé agbọ̀n wá lójoojúmọ́, tí kò sì padà wá kó ọ̀kankan, tó bá fi máa di oṣù kan, àyè ìjókòó á tán, àwọn oníbàárà á sì máa sọ pé ìyá yìí mà lójúkòkòrò o. Ìyá kò sì gbọdọ̀ da ẹrù ẹlẹ́rù nù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti Xorg. Ètò tó bá fẹ́ lo àwòrán á ní kí Xorg bá òun tọ́jú rẹ̀. Pixmap ni wọ́n ń pè é. Bí ètò náà bá lò ó tán tí kò sọ pé kí wọ́n dà á nù, Xorg ni ikùn rẹ̀ ń wú, Xorg náà sì ni top ń pè ní wọ̀bìà.

Nítorí náà, má fi xrestop sínú ẹ̀rọ rẹ, ó máa ba ẹjọ́ rẹ jẹ́. Ńṣe ló ń to orúkọ ètò kọ̀ọ̀kan àti iye pixmap tó gbé sọ́dọ̀ Xorg. Ọmọ náà ṣí i, a jókòó tì í. LibreOffice dúró sójú kan. Firefox ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀, bí ẹni tó ń mí. Ó wá ku aago kékeré kan tí mo fi ṣe ẹ̀ṣọ́ sí igun ojú kọ̀ǹpútà. Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ni nọ́ńbà tirẹ̀ ń gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀ rí. Á ya ojú aago tuntun, á fi ti àtẹ̀yìnwá sílẹ̀ fún Xorg.

"Bọ̀dá, ta ló fi èyí síbí?"

Mo wo òkè àjà.

Ó pa aago náà. Bí ètò bá ti jáde, Xorg á da gbogbo ẹrù tó gbé sọ́dọ̀ rẹ̀ nù. RES wálẹ̀ lójú àwa méjèèjì. (Nígbà mìíràn kì í wálẹ̀ tán, torí Xorg lè di àyè náà mú de ẹrù mìíràn. Ìyẹn kì í ṣe jíjò.) Àfi bí o bá ti ti gbogbo ètò pa tán, tí o tún wọn ṣí, tí RES sì ń gun òkè lọ láìdúró, tí nọ́ńbà ètò kankan nínú xrestop kò sì gòkè, ni o tó lè fura sí Xorg fúnra rẹ̀ tàbí dráífà káàdì àwòrán.

Mo mọ̀ pé ìwọ á ní o ń sá kúrò lọ́dọ̀ Xorg lọ sí Wayland, arọ́pò rẹ̀ tí Kristian Høgsberg bẹ̀rẹ̀ ní 2008. Gbé aago rẹ dání lọ. Ní 2018, àwọn tó ń lo GNOME Shell, ètò tó ń ṣe iṣẹ́ Xorg lórí Wayland, pariwo mẹ́mọ́rì tó ń jò títí ọ̀fun wọn fi gbẹ.

Bí o bá ka ìwé yìí dé ibí tí o ṣì fẹ́ kí n bá ọ wo ẹ̀rọ rẹ, aago mẹ́jọ ni mo ń ṣí ṣọ́ọ̀bù. Jọ̀wọ́, kó iṣẹ́ rẹ sórí flash kí n tó fọwọ́ kan nǹkan.