Tánkà Tó Ń Jó, Tó Ń Jò

Bí ọ̀dá bá ti mú kànga gbẹ ní Ìkẹ́rẹ́, tánkà omi kì í dé láìjẹ́ pé àdúgbò mọ ibi tó gbà wá: ojú ọ̀nà á ti tutù láti ìsàlẹ̀ Òkè Olósùnta. Fáàfù ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń jò. Rọ́bà inú ẹ̀ ti jẹ, irin ẹ̀ ti dípẹtà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò lè ní wọn ò tọ́jú ẹ̀. Ọ̀rá ni wọ́n kọ́kọ́ fi dì í, tiúùbù kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé e, àkísà ló wá kádìí ẹ̀; ìyàwó ọ̀ṣìngín ò wé gèlè tó bẹ́ẹ̀. Bí mọ́tò ṣe ń jó nínú kòtò ni fáàfù ń jò, tí ewúrẹ́ ń tẹ̀ lé e, wọ́n ń lá ọ̀dà nígbà ọ̀dá, láìsan kọ́bọ̀. Omi tó bá sì ń kán lẹ́ẹ̀kan péré ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan á tó nǹkan bíi kẹ́ẹ̀gì lítà 20 lóòjọ́. Ti tánkà yìí ti kọjá kíkán. Mo ní kí dẹ́rẹ́bà ra fáàfù tuntun. Ó wò mí tàánú-tàánú: "Ẹ̀gbọ́n, bí ò bá jò, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀ pé omi wà nínú ẹ̀?" Owó tánkà kíkún ló sì gbà.