Tẹ̀tẹ̀, Òní Ni Wàá Tẹ́

Wọ́n ní tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì dé ẹ̀yìn ọgbà mẹkáníìkì kan ní Kábà. Èmi débẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì bá tẹ̀tẹ̀ tó ga dé àyà mi, tí ewé rẹ̀ ń dán bíi bàtà ọlọ́pàá tuntun.

"Okun o, Màmá. Ajílẹ̀ wo lẹ fi sí i?"

Màmá ẹlẹ́fọ̀ọ́ rẹ́rìn-ín. "Okun, ọmọ mi. Ajílẹ̀ kẹ̀? Ilẹ̀ ibí ló sanra."

Ilẹ̀ ọ̀hún sanra lóòótọ́. Ọ́ìlì dúdú ló ń mu, bátìrì ògbólógbòó ló ń jẹ, ó wá ń fi eérú táyà panu. Mo ra ìdì mẹ́ta.

Tẹ̀tẹ̀, ìwọ ni mò ń bá wí. Jókòó.

Àkọ́kọ́, o ò mọ èèyàn. Irin olóró kan wà nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó ń jẹ́ cadmium. Kò sí iṣẹ́ kankan tó ń bá ọ ṣe, àmọ́ ó jọ síǹkì, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń gba ọ̀nà tí gbòǹgbò rẹ ṣí sílẹ̀ fún irin tí o nílò. Ó dà bí ẹni tí wọn ò pè síbi ìgbéyàwó, tó wá lọ ra aṣọ ẹbí lọ́jà: ó jókòó láàrin ẹbí ọkọ, ó jẹ abọ́ ìrẹsì méjì, ó tún gba agboorùn lọ sílé.

Ìgbà tó wọlé tán lo tó figbe ta. Ewéko kò lẹ́nu, họ́mónù ló fi ń ránṣẹ́ kiri ara, tìrẹ sì dà bí agbo ilé tí gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Auxin tó ń darí bí gbòǹgbò ṣe ń dàgbà á yíjú síbòmíràn. Olórí gbòǹgbò á dúró gbagidi, àwọn kéékèèké á máa ta sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ajigbèsè tó rí akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán tó yà sí kọ̀rọ̀. Ká má purọ́, ọgbọ́n wà níbẹ̀: ó lè bá ilẹ̀ tó sàn pàdé.

Ethylene ni kò ṣeé gbé pọ̀. Gáàsì ni, kò lè pa ẹnu mọ́. Kí ìyà kékeré ṣẹ̀ báyìí, ó ti kéde òkú, ewé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n kó tó dàgbà. Òun kan náà ló ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n. Àwọn kan kò lè dúró dè é lọ́jà, ni wọ́n bá lọ ra kábáìdì lọ́wọ́ wẹ́dà. Èyí tí kábáìdì ń tú jáde, acetylene ni, àbúrò tó jọ ethylene lójú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò mọ̀yàtọ̀ á pọ́n lóde, á le nínú bí ọkàn onílé tó wá gbowó. Kábáìdì ọjà sì sábà máa ń ní arsenic nínú, oró gidi. NAFDAC ti pariwo títí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, rọra, ọjọ́ tìrẹ ń bọ̀.

Abscisic acid ni àánú ẹ̀ ṣe mí. Láti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ ẹni tó ń já ewé bọ́, bẹ́ẹ̀ ethylene ló jẹ̀bi ọ̀ràn náà jù. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó ti àwọn ihò tíntìntín ara ewé pa, kí omi má gòkè púpọ̀, kí irin olóró tó fẹ́ bá omi gòkè lè dín kù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe akápò ẹgbẹ́ rí mọ bí ẹ̀sùn èké ṣe ń dunni.

Tẹ̀tẹ̀, kí lo wá fi cadmium tó ti wọlé ṣe? Ọ̀pọ̀ ewéko ló máa ń há púpọ̀ rẹ̀ mọ́ gbòǹgbò. Ìwọ rù ú lọ sínú ewé, o tì í mọ́ yàrá ìkọ̀kọ̀, o tún wá ń dán. Ara tìẹ yá, ọbẹ̀ tiwa ló gbà á! Bí a bá fọ ewé, eruku òjé tó bà lé e lè lọ, ṣùgbọ́n cadmium tó wà nínú kò gbọ́ ti omi, kò gbọ́ ti iyọ̀. Inú kíndìnrín ló ń lọ gbé, ó sì lè lò ju ọdún 10 lọ níbẹ̀ láìsanwó ilé.

Ní Jàpáánì, odò Jinzu gbé e láti ibi ìwakùsà wọ oko ìrẹsì, egungun àwọn ìyá àgbà sì ń dá. Itai-itai ni wọ́n pe àrùn náà, igbe "ó ń dùn mí, ó ń dùn mí." Ọdún 1968 ni ìjọba tó gbà pé cadmium ló fà á. Ní Zamfara lọ́dún 2010, òjé inú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ nítorí góòlù pa ọmọdé tó lé ní 400. Mi ò fi ìyẹn ṣẹ̀fẹ̀. Yàgbà tiwa ní Kogi níbí náà ní góòlù.

Mo padà lọ bá Màmá, mo ní kó kó tẹ̀tẹ̀ lọ sóko, kó gbin òdòdó sẹ́yìn mẹkáníìkì. Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ṣé òdòdó ni n ó sè fún ọkọ mi?"

Ìdì mẹ́ta tí mo rà, ẹ̀yìn ilé ni mo dà á sí. Kí n tó yíjú, ewúrẹ́ alájọgbélé mi ti jẹ ẹ́ tán. Wọ́n ní Kérésì ni wọ́n máa pa á. Ẹ bá mi sọ fún wọn o, kí wọ́n má fi kíndìnrín rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.