Ọmọdé Tó Lákìísà Bí Àgbà

Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Òótọ́ pọ́nbélé ni, àfìgbà tí ọmọdé rí ibi tí àgbà ń da àkísà sí. Ọmọdé tí mò ń wí ni gọ́ọ̀fù àwo, eré tí wọ́n fi ń ju àwo pẹlẹbẹ dípò kí wọ́n fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù. Ọdún 1975 ni Ed Headrick, tó ti bá ilé-iṣẹ́ Wham-O tún àwo Frisbee ṣe, la pápá àkọ́kọ́ rẹ̀ tó fìdí múlẹ̀ sáàárín igi óòkù ní Oak Grove, ní Kalifọ́níà. Lẹ́yìn náà ló ṣe apẹ̀rẹ̀ onírin tí ṣéènì rọ̀ sórí rẹ̀, tó ń dún ṣaworo bí àwo bá wọlé. Ohun tí eré náà fi dùn kò ju igi lọ: igi ló ń dènà, igi ló ń fi ẹni tó mọ̀ ọ́n jù hàn. Kò bèèrè omi, kò bèèrè ajílẹ̀, ọ̀pọ̀ pápá rẹ̀ kò sì gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Gọ́ọ̀fù àgbà ní tirẹ̀ ti kọ́ pápá kọjá agbára rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, òmíràn tìtorí àtita ilé tó yí i ká. Láti 2006, ọ̀pọ̀ ọdún ni iye pápá tó ń kú fi ju iye tí wọ́n ń ṣí lọ. Ni àwọn aláwo, ìyẹn àwọn onígọ́ọ̀fù àwo, bá ń ra òkú pápá, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Preserve ní Clearwater, ìpínlẹ̀ Minnesota. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe irú pápá bẹ́ẹ̀ ti gé igi rẹ̀ tipẹ́ kí koríko lè gbilẹ̀, àwo kò sì rí ohun tí yóò yà fún. Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n ta okùn sórí koríko, wọ́n ri àsíá kéékèèké mọ́ ọn. Bí àwo rẹ bá balẹ̀ sápá ìhín, o ṣe é re. Bó bá balẹ̀ sápá ọ̀hún, wọ́n á fi ìjù kan kún tìrẹ. Koríko kan náà ni o, ẹ̀rọ kan náà ló gé e. Àgbàlagbà á wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á dijú kan, á máa wo bóyá etí àwo ré okùn kọjá. Àná ni wọ́n sanwó fún ẹni tó gé igi. Lónìí wọ́n ń sanwó okùn kí koríko lè ṣe bí igi. Lórí èyí, wọ́n tún gbé owó ìwọlé àti ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń yí pápá ká wá láti ọ̀dọ̀ àgbà.

Ẹnìkan á ní bí àwọn aláwo kò bá rà á, àwọn onílé ni yóò rà á. Mo gbà, ọ̀pọ̀ òkú pápá ló ti di ilé, ilẹ̀ tó ṣì ń mí sàn ju kọnkéré lọ. Ẹlòmíràn á ní àwọn ọ̀gá ń ju àwo kọjá mítà 150, igbó kò sì lè gba irú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kámẹ́rà kò ní rí i. Ìyẹn náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, fún ihò mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Kò ṣàlàyé ìdí tí gbogbo ihò méjìdínlógún fi gbọ́dọ̀ tẹ́jú bí orí apárí.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ra òkú pápá, ẹ gbin igi síbi tí okùn wà. Títí yóò fi ga, ẹ má gé koríko ibẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fi wákàtí kan wá àwo nínú rẹ̀ yóò mọ̀ pé òun jù ú dànù, kò nílò àsíá.