Áyù Wọ Agboolé

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá ní ọmọ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó rán an níṣẹ́. Ṣé ẹ mọ Ìyá Sakété tó ń ta ọṣẹ dúdú lágboolé wa ní Pobẹ̀? Àwọn tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, àwọn ará garéèjì ló ń dá wọn lóhùn? Àwọn gan-an ni ìyàwó ilé ẹ̀yìn lọ fọ̀rọ̀ lọ̀: ojú ara ń yún òun, omi funfun ń jáde bíi wàrà tó dì, ìgbà kẹrin sì rèé láàárín ọdún kan. Kílẹ̀ tó ṣú, gbogbo agboolé ti di oníṣègùn.

Ọ̀kan ní kó ki áyù sí i. Ó sì ki í! Ọkọ wọlé lálẹ́, ó gbóòórùn, ó fọwọ́, ó jókòó, ó ń retí ọbẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín jàre, ara ló ń ni ọmọlọ́mọ. Ìyá Sakété ní ọṣẹ tàwọn ló kù, pé epo ọ̀pẹ Pobẹ̀ ni, ọ̀pẹ táwọn Faransé ti ń ṣèwádìí ẹ̀ níbí láti 1922. (Ta ló lè bá wọn dárúkọ ọṣẹ kí wọ́n má dé ọ̀dọ̀ Faransé?) Ọṣẹ dáa, àmọ́ inú lọ́hùn-ún ni ìyàwó lọ fi fọ̀. Igbe tó ké, ewúrẹ́ já okùn.

Ló bá di ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí. Wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè tí wọ́n fi bi í pé, “Ọmọ mi, kí lo máa ń lò tí ibà bá mú ọ?” Kápúsù pupa òun dúdú orí àtẹ ni! Ẹ rántí 2017, tíjọba ya bo ọjà oògùn orí àtẹ ní Ajégúnlẹ̀, Kútọnu? Ìyàwó wa ṣáà mọ ibi tó ti ń rí tiẹ̀ rà. Agbẹ̀bí ní irú oògùn apakòkòrò bẹ́ẹ̀ ń pa kòkòrò rere tó ń ṣọ́ ojú ara, kándídà tó máa ń fa irú yíyún bẹ́ẹ̀, tó ti wà níbẹ̀ jẹ́jẹ́, á wá ráyè gbilẹ̀. Wọ́n yẹ omi náà wò, wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò nítorí àtọ̀gbẹ, wọ́n bi í bóyá ó lóyún, torí fluconazole, oògùn tí wọ́n fẹ́ fún un, kì í ṣe ohun tí aboyún ń gbé mì. Kò lóyún. Lẹ́yìn oògùn ìbẹ̀rẹ̀, 150 mílígíráàmù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún oṣù 6. Áyù ńkọ́? Kò sí ẹ̀rí pé ó ń wò ó, ó sì lè bó ara. Wàrà tí òmíràn lágboolé ní kó fi sí i ńkọ́? Bó bá wù ú kó jẹ ẹ́, ẹnu ni kó gbà wọlé o! Kó máa fi omi lásán fọ ìta nìkan, kó máa wọ pátá òwú.

Ìyá Sakété, tó sìn ín lọ, ní, “Ọkọ ńkọ́?” Agbẹ̀bí ní bí nǹkan ò bá ti yún ọkọ, kò nílò oògùn. Ìyá Sakété délé, wọ́n fi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ wọn yẹn ròyìn fún wa. Bàbá onízẹmijàn tó ń sun àgbàdo nítòsí, tó ti ń họ itan látàárọ̀, gbé àgbàdo sílẹ̀, ó wọlé.