Ọ̀ṣun Ò Wọ Bọ́ọ̀sì Rí

Ẹ̀yin ará Ìgbògbò, ẹ̀yin ará Báyékù tí ẹ ń tún àwọ̀n ṣe létí omi, ẹ̀yin ará Ìkòròdú tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ti mú mọ́lẹ̀ láti ìdájí, àti ẹ̀yin ará Èpé tí ẹ máa ń fi ẹja ṣí ẹnu láàárọ̀ bí ọmọ ọba, mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò ni mo gbé wá lónìí.

Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ rè é. Ọmọ àdúgbò wa kan tó wà ní Jàpáànì fi fídíò ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Kò sì sí ohun tó wọ fóònù màmá yẹn rí tí kò dé fóònù gbogbo wa kí ilẹ̀ tó ṣú. Nínú fídíò náà, obìnrin kan na àsíá kékeré sókè, àwọn àlejò ń tẹ̀ lé e bí òròmọdìyẹ ṣe ń tẹ̀ lé àgbébọ̀, ó ń mú wọn káàkiri àwọn ilé òrìṣà àtijọ́ ní ìlú Kyoto. Wọ́n dé Fushimi Inari, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹnu ọ̀nà pupa tò tẹ̀ léra wọn gun òkè lọ. Wọ́n dé Kinkaku-ji, ilé ìsìn tí wọ́n fi góòlù bò lára. Ọ̀dọ́ àlùfáà kan ló dáná sun ún ní 1950. Ní 1955, wọ́n ti kọ́ òmíràn sójú rẹ̀. Ọdún márùn-ún péré! Lándìlọ́ọ̀dù kan láàárín wa mí kanlẹ̀, torí gọ́tà iwájú ilé rẹ̀ ti ju ọdún márùn-ún lọ tí wọ́n ti ń wá wọ̀n ọ́n.

Ṣùgbọ́n ohun tó jọ èmi lójú jù ni omi tí wọ́n gbé sẹ́nu ọ̀nà. Kí ẹnikẹ́ni tó wọ ọ̀dọ̀ òrìṣà, á bu omi, á ṣan ọwọ́ òsì, á ṣan ọwọ́ ọ̀tún, á tún fi yọ ẹnu. Ẹ bá mi fi omi yẹn sọ́kàn.

Ni ẹgbẹ́ àdúgbò bá pe ìpàdé. Alága ní, "Ṣé àwọn nìkan ló ní ilé òrìṣà tó lọ́jọ́ lórí ni? Ẹ jẹ́ á lọ sí Òṣogbo!" A dáwó, a háyà bọ́ọ̀sì. Ìyá Ajíhìnrere gbé òróró ólífì dání, wọ́n ní ìran làwọn ń lọ wò, àwọn ò lọ bọ nǹkan kan o. Alájì Oníṣìmẹ́ǹtì di tẹ̀sùbáà mú. Bàbá Apẹja láti Báyékù kò gbé nǹkan kan, àfi ebi. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, kí n má purọ́, mo ka Sáàmù, mo ka Fátíà, kí ìkankan má baà bínú.

A gba ọ̀nà Ṣágámù. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà yẹn, mi ò ní ṣàlàyé fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ dúpẹ́. Kòtò kan wà níbẹ̀ tí a wọ̀, Alájì ka tẹ̀sùbáà wọn yí po lẹ́ẹ̀mejì ká tó jáde. Ìbàdàn, Gbọ̀ngán, ó di Òṣogbo. Nígbà tí a wọ inú igbó Ọ̀ṣun, a gba abẹ́ géètì kan tí wọ́n fi ère ìjàpá tó ń fò ṣe. Ìjàpá ọkọ Yánníbo, ń fò! Alága wo ìjàpá, wọ́n wẹ̀yìn wo bọ́ọ̀sì wa, wọn ò sọ nǹkan kan.

Ọkùnrin tó ń mú wa káàkiri ò ní àsíá, ohùn rẹ̀ tó àsíá. Ó ní igbó náà fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, pé ìjọba ti kéde ibẹ̀ láti 1965 pé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ni, àti pé ní 2005, àjọ UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé. Sukur ní Adamawa nìkan ló ṣáájú rẹ̀ nílẹ̀ wa, ní 1999. Ó ní bí kì í bá ṣe Susanne Wenger ni, àwọn kan ì bá ti gé igbó náà tà ní pílọ́ọ̀tì-pílọ́ọ̀tì. Ilẹ̀ Austria ni wọ́n bí obìnrin yìí sí. Ó dé Nàìjíríà ní 1950, ó di Àdùnní Olórìṣà. Òun àtàwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bíi Adébísí Àkànjí, tó ti iṣẹ́ bíríkìlà dé ìdí ọnà, ni wọ́n fi amọ̀ àti sìmẹ́ǹtì mọ àwọn ojúbọ àtàwọn ère ràgàjì-ràgàjì wọ̀nyẹn. Òṣogbo náà ló kú sí ní 2009, lẹ́ni ọdún 93.

Bí Alájì ṣe gbọ́ "sìmẹ́ǹtì," ojú wọn là. Wọ́n fi ìka kan ẹsẹ̀ ère kan, kọ́-kọ́-kọ́, bí ẹni tó ń dán àgbọn wò. Wọ́n ní, "Sìmẹ́ǹtì ayé ọjọ́un nìyí. Tó bá jẹ́ ti ìsinsìnyí ni, òrìṣà á ti là sí méjì."

Ibẹ̀ la wà tí ọ̀bọ kan fi sọ̀ kalẹ̀ lórí igi. Ní Nara, ní Jàpáànì, àgbọ̀nrín ló ń rìn kiri àyíká ilé òrìṣà, àwọn kan nínú wọn a sì tẹríba kí wọ́n tó gba bisikíìtì lọ́wọ́ àlejò. Ọ̀bọ Òṣogbo ò tẹríba o. Ó wo Ìyá Ajíhìnrere lójú, ó wo láílọ́ọ̀nù ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí wọ́n rà lọ́nà, ó sì gbà á. Ìyá kígbe, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Ọ̀bọ ti dé orí ẹ̀ka, ó ń bó èèpo. Gbogbo òróró yẹn, ẹ̀kán kan ò kàn án.

La bá dé etí odò. Ọkùnrin náà ní kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ pẹja níbẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ dọdẹ, wọn ò gbọdọ̀ gé igi. Bàbá Apẹja bá ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé, ó hàn pé ọwọ́ ń hún wọn.

Ọkùnrin náà wá sọ bí ìlú Òṣogbo ṣe gba orúkọ rẹ̀. Àwọn tó tẹ ìlú náà dó ń gé igi létí odò, igi wó lu omi, ni ohùn kan bá jáde látinú odò pé àwọn oṣó inú igbó yìí ti fọ́ ìkòkò aró òun. Oṣó igbó ló di Òṣogbo. Ẹ gbọ́ o! Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Ọ̀ṣun bá àwọn ará ìlú yẹn sọ, ẹjọ́ ló rò. Kò kí wọn, kò súre. Ó ní ẹ ti ba nǹkan mi jẹ́.

Mo yọjú wo omi bóyá màá rí aró. Aró kọ́ ni mo rí. Omi náà rí bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Iṣẹ́ góòlù ni. Lápá ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lókè, àwọn awakùsà ń gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n ń ṣan góòlù nínú àwọn odò kéékèèké tó ń sàn wọ inú Ọ̀ṣun, ẹrẹ̀ rẹ̀ ló ń bá omi wá. Ní 2022, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fáwọn olùjọsìn pé kí wọ́n má mu omi náà. Odò tí àgàn ń mu kó lè bímọ!

Bàbá Apẹja ò sọ̀rọ̀ látàárọ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n lanu. "Ọmọ mi, omi yìí, ibo ló ń lọ?"

Ọkùnrin náà ní, "Bàbá, ibo lẹ ti wá?"

"Báyékù, nítòsí Ìgbògbò."

"Ẹ kú àlejò, Bàbá. Ọ̀dọ̀ yín ló ń lọ."

Kò parọ́. Ìgèdè Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀. Ó gba Òṣogbo, ó rìn títí, ó já sínú ọ̀sà Lẹ́kí, níbi tí Èpé fẹ̀yìn tì. Omi ọ̀sà yẹn sì ń wọ inú ọ̀sà Èkó, èyí tí Báyékù wà létí rẹ̀. A dáwó mọ́tò, a jẹ kòtò Ṣágámù, a lọ wo ẹni tó ń bọ̀ wá bá wa nílé!

Ẹ rántí omi tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Ní Jàpáànì, wọ́n ń fọ ọwọ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ òrìṣà. Lọ́dọ̀ tiwa, inú òrìṣà gan-an la ti ń ṣan góòlù. Àwọn ń fi góòlù bo ilé ìsìn, àwa ń fi ojúbọ fọ góòlù.

Nígbà tí a ń bọ̀, Ìyá Ajíhìnrere ní àwọn ò gbà pé òrìṣà wà nínú odò, omi ni. Alájì náà ní omi ni. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó pè é ní òrìṣà, kó má bà á jẹ́. Ẹni tó pè é ní omi, kó má bà á jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí àna nídìí iṣẹ́ góòlù lókè lọ́hùn-ún, ẹ pè é lórí fóònù lónìí, ẹ sọ fún un pé àwa tá a wà nísàlẹ̀ rí i. Àwa tí à ń da láílọ́ọ̀nù sínú ọ̀sà ní Báyékù, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹjọ́ tiwa ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Tẹ́ ẹ bá sì ń lọ sí Òṣogbo, ẹ di ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín mú dáadáa. Títí di àárọ̀ yìí, ọ̀bọ ò tíì dá ti Ìyá Ajíhìnrere padà.