Ẹ Béèrè Ilé Kí Ẹ Tó Béèrè Ọkọ̀

Ẹ̀yin tí iná pupa dá dúró ní Old Kent Road, ẹ kú ìdúró. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra iṣẹ́ òru ní Thamesmead, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ sì jókòó sínú ọkọ̀ oníná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣájà, tí ẹ ń wo nọ́ńbà tí kò fẹ́ gòkè, ẹ̀yin gan-an ni mo wá bá sọ̀rọ̀ lónìí. Mo mọ̀ pé ẹ ráyè gbọ́ mi. Kò kúkú síbi tí ẹ ń lọ.

Kí àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ yìí má baà fi ìbínú gbé fóònù, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ òdodo. Ọkọ̀ náà dára. Kò mu epo, kì í rú èéfín, kò sí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí ẹ ó máa pààrọ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́rẹ́, ó ti fò. Láti ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2023 tí ULEZ, òfin owó èéfín ọkọ̀, ti gba gbogbo Lọ́ńdọ̀nù, tí àwọn ògbólógbòó ọkọ̀ ń san pọ́n-ùn 12 àti pẹ́ǹsì 50 lójúmọ́, oníná kò san kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn tó ń tà á kì í pariwo: bí ẹ bá ra ọkọ̀ yìí, ẹ ra ìṣirò mọ́ ọn.

Ẹ wo ọ̀rẹ́ mi kan àti ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n ń lọ síbi ìgbéyàwó ní Manchester nínú oṣù kìíní ọdún. Láti Lọ́ńdọ̀nù débẹ̀, bíi 200 máìlì ni. Ìwé ọkọ̀ sọ pé bátìrì kíkún á rìn jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Àmọ́ òtútù kì í kàwé. Bí ojú ọjọ́ bá tutù, kẹ́míkà inú bátìrì á máa lọ́ra. Nínú ọkọ̀ epo, ooru ẹ́ńjìnnì tí ì bá ṣòfò ni wọ́n fi ń mú inú ọkọ̀ móoru, ọ̀fẹ́ ni. Nínú oníná, hítà ń bá táyà jẹun nínú abọ́ kan náà ni. Ìdá kan nínú márùn-ún ìrìn rẹ̀ lè lọ bẹ́ẹ̀, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀.

Wọn ò tíì rí Birmingham tí bàbá fi pa hítà. Ìyàwó wọ léèsì oníhò, gèlè rẹ̀ ti kan òrùlé ọkọ̀.

"Dádì Tọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan hítà, òtútù ń pa mí."

"Mọ́mì Tọ́lá, ẹ mú sùúrù. Bí mo bá tàn án, a ò ní dé Stoke."

"Ṣé Stoke la ń lọ ni?"

Bàbá ò fèsì. Ojú rẹ̀ wà lára nọ́ńbà. Ìyàwó nawọ́ sẹ́yìn, ó fa bùláńkẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ, ó fi bo aṣọ ẹbí tí iye owó rẹ̀ kò ṣeé sọ lórí rédíò.

Nígbà tó yá, wọ́n yà síbi ìsinmi ojú ọ̀nà láti gba iná. Ṣájà tó wà níbẹ̀ pọ̀ lójú. Ọ̀kan kọ̀wé sára pé òun ò ṣiṣẹ́. Ọ̀kan kò kọ nǹkan kan, kò sì ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ epo kan lọ páàkì síwájú ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ẹni tó ni ín ti lọ jẹ bọ́gà. Àwọn tó kù ní ìlà. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2024, òfin wà nílẹ̀ yìí pé kí àwọn ṣájà ayára máa ṣiṣẹ́ ní ìdá 99 nínú 100, kí wọ́n sì máa gba káàdì báńkì. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba. Ìdá kan tó ṣẹ́ kù ńkọ́? Òun ni a máa ń bá níbi gbogbo tí a bá yà sí.

Ti káàdì yẹn náà, kì í ṣe gbogbo ṣájà ló kàn. Àwọn kéékèèké tó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tẹ́lẹ̀ kò sí nínú rẹ̀, nítorí náà oníkálukú ṣì ní áàpù tirẹ̀. Àwọn kan wà tí áàpù ti kún fóònù wọn dé bi pé wọ́n pa fọ́tò ìsọmọlórúkọ rẹ́ kí wọ́n lè rí iná gbà.

Ìlà wá kàn wọ́n. Iná wọlé, ó ń sáré, inú bàbá dùn. Bó ṣe di ìdá 80 nínú 100, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ dín eré rẹ̀ kù kí bátìrì má baà bàjẹ́. Láti ibẹ̀ lọ, iná ń wọlé bí owó ìfẹ̀yìntì olùkọ́: ó ń bọ̀, ẹnikẹ́ni ò mọ ọjọ́. Ká má fọ̀rọ̀ gùn, wọ́n dé òde ìgbéyàwó. Wọ́n bá wọn nídìí kíkó àga.

Ẹ ṣì dúpẹ́ pé wọ́n dé. Bí epo bá tán nínú ọkọ̀ epo, ẹ ó gbé kẹ́ẹ̀gì, ẹ ó rìn lọ sílé epo, ẹ ó padà. Kò sí kẹ́ẹ̀gì tó ń gba iná. Ẹ ò sì lè ní kí ẹnì kan fi okùn fà yín bó ṣe wù ú, torí ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ yìí ni kò yẹ kí táyà rẹ̀ máa yí nílẹ̀ bí wọ́n bá ń fà á. Ó lè ba mọ́tọ̀ inú rẹ̀ jẹ́. Ọkọ̀ agbọ́kọ̀ ni yóò wá gbé yín sórí gbangba, kí gbogbo ọmọ Yorùbá tó ń kọjá lè rí yín kí wọ́n sì kí yín kú ewu.

Ẹjọ́ míì tí àwọn ọlọ́kọ̀ oníná máa ń rò fún mi ni ti àárọ̀ ọjọ́ tí ilẹ̀kùn ò ṣí. Bátìrì ńlá wà lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún kílò, iná kún inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bátìrì kékeré kan tún wà, ti 12 volt, irú èyí tó wà nínú ọkọ̀ bàbá wa láyé àtijọ́. Òun ló ń jí kọ̀ǹpútà, òun ló ń ṣílẹ̀kùn, òun ló ń sọ fún ńlá pé ilẹ̀ ti mọ́. Bí kékeré bá kú, ńlá ò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn àgbà ní a kì í wà létí odò ká máa fi itọ́ ṣan ọwọ́. Wọn ò tíì rí ọlọ́kọ̀ tó dúró níta nínú òjò, tí iná rẹpẹtẹ wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, tó ń wá ẹni tí yóò bá a jọ̀ọ́nù wáyà.

Èyí tí a ti ń fi rẹ́rìn-ín nìyẹn. Owó ni kò ṣeé fi rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ ká mú ọkọ̀ méjì, irú kan náà, bátìrì yúníìtì 60. Ọ̀kan jẹ́ ti dókítà kan tó nílé ní Kent, tó ní àyè ìgbọ́kọ̀sí níwájú ilé. Lóru, ó ki wáyà bọ̀ ọ́, ó lọ sùn. Iná òru tí wọ́n ń tà fún irú wọn lè wà ní bíi pẹ́ǹsì 8 fún yúníìtì kan. Kò tó pọ́n-ùn 5 tí bátìrì fi kún. Èkejì jẹ́ ti nọ́ọ̀sì tó ń gbé àjà kẹrin nínú fúláàtì ní Peckham. Kò lè ju wáyà sílẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ṣájà ayára ìta ni tirẹ̀, yúníìtì kan sì máa ń ju pẹ́ǹsì 70 lọ níbẹ̀. Bátìrì kan náà, ó ti lé ní pọ́n-ùn 42. Iye yẹn tó owó epo bẹntiróòlù fún ìrìn kan náà, ìgbà míì ó jù ú lọ. Ìjọba wá bù ú sí i: VAT orí iná ilé jẹ́ ìdá 5 nínú 100, ti ṣájà ìta sì jẹ́ 20 tí wọ́n ti ń gbà bọ̀. Owó orí gan-an mọ ẹni tó ní géètì.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ tuntun ni. Lọ́dún 1897, takisí oníná ti ń ná ìgboro Lọ́ńdọ̀nù. Walter Bersey ló ṣe é. Ó wúwo, ó ń jẹ táyà, bí ti òde òní ṣe ń jẹ ẹ́. Ó sì gbọ́dọ̀ padà sí àgbàlá iléeṣẹ́ wọn ní Lambeth kó tó rí iná tuntun. Nígbà tó fi máa di 1899, wọ́n ti kó o kúrò nílẹ̀.

Oyin tí wọ́n fi fà wá náà ti ń tán nínú ìgò. Láti oṣù kẹrin ọdún 2025 ni oníná ti ń san owó orí ọkọ̀, pọ́n-ùn 195 lọ́dún ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀. Ọ̀fẹ́ tí a fi ń wọ àárín Lọ́ńdọ̀nù parí ní ọjọ́ Kérésì ọdún 2025. Ẹ̀bùn Kérésì nìyẹn. Nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì oṣù kọkànlá ọdún kan náà, Rachel Reeves, mínísítà ètò ìṣúná nígbà náà, kéde pé tó bá di oṣù kẹrin 2028, ọlọ́kọ̀ oníná yóò máa san pẹ́ǹsì 3 lórí máìlì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rẹ́ mi ti Manchester gbọ́ ọ, ó ní ó dáa, òun kúkú ti jáwọ́ nínú lílọ òde.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa láti Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, tí owó epo ti lé kọjá ìṣirò látìgbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo lọ́dún 2023, mo mọ ìbéèrè yín. Bí ẹ bá ní sólà tó lágbára, tàbí tí iná Band A yín ń mú wákàtí 20 lójúmọ́ tí wọ́n ṣèlérí wá, ẹ lè rò ó wò. Bí kò bá sí méjèèjì, ẹ ó da epo sí jẹnẹrétọ̀, kí jẹnẹrétọ̀ fi epo ṣe iná, kí iná wọ ọkọ̀ tí ẹ torí kí ẹ má baà ra epo rà.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ọkọ̀, kí ẹ tó bi í pé máìlì mélòó ló ń rìn, ẹ bi ara yín pé ibo ni yóò máa sùn. Bó bá máa sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì tiyín, ẹ rà á, ẹ ó gbádùn rẹ̀. Bó bá jẹ́ ojú títì, ẹ kọ́kọ́ rìn yí àdúgbò ká lálẹ́, ẹ wo ṣájà tó wà, èyí tó ń ṣiṣẹ́, àti iye tó ń gbà. Bí ẹ bá jẹ́ ayálégbé, ẹ bá onílé sọ̀rọ̀ ṣáájú, kì í ṣe lẹ́yìn.

Ẹ̀yin onílé tí ẹ ní sọ́kẹ́ẹ̀tì níta, mo gbọ́ pé àwọn ẹbí tó ń wá kí yín lópin ọ̀sẹ̀ ti ń pọ̀ sí i, wọ́n sì ń pẹ́ kí wọ́n tó dìde. Ẹ má fi ọbẹ̀ yín yangàn o. Ẹ lọ wo mítà.